Ohun Tí Kò Sí Lọ́jà Adó: Bí A Ṣe Ń Di Àpótí Irinṣẹ́ Bàálù Onírìmóòtù

Bí nọ́ọ̀tì tó di pùròpẹ́là mú bá já bọ́ sínú koríko lówùúrọ̀ Sátidé ní Adó-Èkìtì, ẹ lè rìn láti Ọjà Ọba dé Àjílòsùn kí ẹ má rí ẹni tó ń tà á. Àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe yóò fi tiwọn hàn yín, yóò tóbi jù. Mo ti rin ìrìn náà rí. Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pápá ṣófo, mo ti ṣáàjì bátìrì mẹ́ta kún, síbẹ̀ bàálù ò kúrò nílẹ̀ nítorí irin kékeré tí kò ju èékánná ọmọdé lọ.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè méjì ni mò ń bi ohun gbogbo kí n tó kó o sínú àpótí. Àkọ́kọ́: bí èyí bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù ní pápá, ṣé bàálù ṣì lè fò? Ìkejì: bí kò bá lè fò, ṣé mo lè rí i rà nínú ìlú kí oòrùn tó mú? Ohun tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ló ń kọ́kọ́ wọ àpótí, méjì méjì sì ni mo ń kó irú wọn. Ohun tí fọkanáísà tàbí ẹni tó ń tún fóònù ṣe bá ní, n kì í jẹ́ kó gba àyè lọ títí.

Bàálù tí mo ní lọ́kàn nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni èyí tí a fi fóòmù ṣe, tí apá rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan láti ìkángun dé ìkángun, tó ń lo mọ́tọ̀ oníná àti bátìrì LiPo (bátìrì lítíọ́mù kan tó fúyẹ́) 3S, ìyẹn oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ti 2200 mAh (mAh ni ìwọ̀n iye iná tó lè gbà). Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń kọ́ṣẹ́. Mo máa dá gbólóhùn díẹ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo níwájú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi ọkàn rin ọjọ́ náà já

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ má tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní pápá: ẹ ó so apá mọ́ ara bàálù, ẹ ó de ìrù rẹ̀, ẹ ó wọn ibi tí ìwúwo rẹ̀ dúró sí, ẹ ó ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó jù ú sókè, ẹ ó mú un balẹ̀, ẹ ó tún ibi tó bá fọ́ ṣe, ẹ ó sì wá a nínú igbó bó bá lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín máa wá. Bí ọdẹ ṣe ń to àpò rẹ̀ nìyẹn: ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ wá nínú òkùnkùn ló ń wà lókè.

Ìwé mi àkọ́kọ́ gùn tó ojú ewé méjì. Nígbà tí mo fi ìbéèrè méjèèjì sẹ́ ẹ, ó ku ìdajì.

Ìgbésẹ̀ 2: Àpótí fúnra rẹ̀

Ike ló dára. Ti onírin wúwo, ó máa ń gbóná nínú oòrùn, ó sì lè so orí bátìrì méjèèjì pọ̀ bí bátìrì bá ṣèèṣì kan án. Kí ó ní àwo tó ṣeé gbé kúrò lókè, kí ó má gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé orí ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbà lọ sí pápá, bàálù wà lọ́wọ́ kan, àpótí sì gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín ẹni tó ń wa ọ̀kadà àti ẹni tó gùn ún láìyọ síta. Ẹ so okùn tó ṣeé gbé kọ́ èjìká mọ́ ọn.

Àwọn súkúrù kéékèèké, ẹ kó wọn sínú ike oògùn tó ti ṣófo, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Irinṣẹ́ ọwọ́

Alínkí (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú súkúrù) 1.5, 2, 2.5 àti 3 mílímítà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ ra èyí tí irin rẹ̀ le, nítorí alínkí tó rọ̀ máa ń jẹ orí súkúrù, orí súkúrù tó bá sì ti jẹ, kò ní ṣeé tú mọ́ ní pápá. Èyí tó jẹ́ 1.5 ni ẹ ó fi máa mú súkúrù kékeré inú irin tó ń de pùròpẹ́là mọ́ mọ́tọ̀ àti ti irin tó ń fa etí apá. Òun ló máa ń sọnù jù, nítorí náà méjì ni mo ní.

Sípánà 8 àti 10 fún nọ́ọ̀tì pùròpẹ́là. Skúrúdíráfà olórí àgbélébùú kékeré kan, pẹlẹbẹ kan. Pláyà onímú gígùn. Abẹ tí ẹ ti fi páálí bo ojú rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì. Rúlà onísẹ̀ǹtímítà 30. Bírò tí kì í parẹ́.

Ohun méjì tí kò sí nínú àpótí àwọn oníbàálù tí mò ń rí lórí fídíò, tí èmi ò sì lè fi sílẹ̀. Ọ̀kan ni mágnẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe máa ń ní i nínú ìdọ̀tí wọn, wọ́n á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá kí wọn dáadáa. Bí súkúrù bá bọ́ sínú koríko, ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì náà gbá ilẹ̀ bí ẹní ń gbálẹ̀, yóò gbé e. Ìkejì ni aṣọ funfun tó fẹ̀ tó ẹní kékeré. Orí rẹ̀ ni kí ẹ ti máa tú ohunkóhun tí ẹ bá ń tú. Láti ọjọ́ tí mo ti ní aṣọ náà, mágnẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn tí ẹ ò ní rí rà

Ẹ̀ka yìí ni kí ẹ náwó lé. Pùròpẹ́là mẹ́ta tó bá mọ́tọ̀ yín mu gan-an. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, bíi 9x6: ìkíní ni fífẹ̀ rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun ní íǹṣì, ìkejì ni bí yóò ṣe tẹ̀ síwájú tó ní íǹṣì lẹ́ẹ̀kan tó bá yí po. Ẹ má ṣe fi èyí tó tóbi rọ́pò èyí tó kéré nítorí pé òun ló wà nílẹ̀. Mọ́tọ̀ yóò fa iná jù, yóò gbóná, ó sì lè jó ESC, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná tó ń lọ sí mọ́tọ̀. Pùròpẹ́là tó bá ní ẹnu tó ṣán, tàbí ìlà fífọ́ tó fẹ́lẹ́ bí irun, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gbé e lò. Bó bá fọ́ nígbà tó ń yí, ègé rẹ̀ lè wọ ojú ènìyàn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì pùròpẹ́là méjì àti irin tí a ń fi í dè mọ́ mọ́tọ̀. Servo (mọ́tọ̀ kékeré tó ń fa etí apá àti etí ìrù) oníwọ̀n gíráàmù 9 kan, pẹ̀lú apá rẹ̀ àti súkúrù rẹ̀, nítorí bí bàálù bá já lulẹ̀, eyín inú servo ló sábà máa ń kọ́kọ́ ká. Irin fífà kan tàbí méjì àti ohun tí a fi ń so orí rẹ̀. Orí wáyà XT60 akọ àti abo, èyí tó ń so bátìrì mọ́ bàálù. Irin ìjó lẹ́ẹ̀dì (soldering iron) ńkọ́? Bí tiyín bá jẹ́ èyí tó ń lo fóltì 12, tí bátìrì LiPo lè gbé, ẹ mú un lọ. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ iná ilé, ẹ fi í sílẹ̀.

Rọ́bà tí ń so apá mọ́ ara bàálù, ẹ máa kà á mọ́ ohun tí ń tán. Oòrùn wa máa ń jẹ ẹ́, ẹ ó rí i tó ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi àtíkè díẹ̀ pa á, kí ẹ kó o sínú náílọ́nù dúdú. Bó bá tán pátápátá, fọkanáísà lè gé túùbù ọ̀kadà fún yín ní òrùka tín-ín-rín. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń di nǹkan mú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwọ̀ntúnwọ̀nsì táyà náà ni mo ti ń ra òjé kéékèèké tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, oníwọ̀n gíráàmù 5 àti 10. Òun ni mo ń lẹ̀ mọ́ imú tàbí ìrù bàálù bí ìwúwo rẹ̀ kò bá dúró sí ibi tó yẹ.

Nípa ibi tó yẹ náà: ẹ wọn bí apá ṣe fẹ̀ láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn. Láàárín ìdá 25 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún láti iwájú ni ìwúwo gbọ́dọ̀ dúró sí fún ọ̀pọ̀ bàálù ìkọ́ṣẹ́. Bí apá bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó já sí 5 sí 6.6 láti etí iwájú. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀ lábẹ́ apá méjèèjì, ẹ fi ìka méjì gbé e níbẹ̀, bátìrì gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Bí ìrù bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ má jù ú sókè. Bàálù tí imú rẹ̀ wúwo díẹ̀ máa ń fò bí ẹni tó rẹ̀. Èyí tí ìrù rẹ̀ wúwo kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ 5: Gúlùù

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí bàálù tí mo ti rí tí gúlùù bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí igi bà jẹ́ lọ.

Súpà gúlùù kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì máa ń jẹ fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Ẹ kán an sórí ègé kan nílé kí ẹ wò ó, ihò ni yóò dá síbẹ̀. Fóòmù EPP, èyí tó máa ń padà sípò bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í jẹ́ kó jẹ òun. Gúlùù oríṣi kan náà wà tí wọ́n dìídì ṣe fún fóòmù, ṣùgbọ́n ìta ni ẹ ó ti pàṣẹ rẹ̀, nítorí náà àpótí ni ipò rẹ̀.

Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú súpà gúlùù gan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kó tó mú nígbà ọyẹ́, tí àwọn kan á rò pé ayédèrú ni wọ́n rà. Ẹ mí èémí díẹ̀ sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Lásìkò òjò ẹ̀wẹ̀, ìgò tí ẹ kò dé dáadáa yóò le láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ fi àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, èyí tó ń fa omi. Sódà tí a fi ń ṣe kéèkì (kì í ṣe káún) máa ń mú un gan lójú ẹsẹ̀: ẹ wọ́n ọn sínú ihò, ẹ kán gúlùù lé e, yóò le bí òkúta. Ó máa ń gbóná, ó sì máa ń rú èéfín tó ń ta ojú. Ẹ gbé ojú kúrò.

Epoxy oní-ìṣẹ́jú 5 ni mo fọkàn tán jù fún ibi tí mọ́tọ̀ jókòó sí. Ìgò méjì ni, ìwọ̀n kan náà ni ẹ ó tú láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án Èkìtì tó mú, kì í tó ìṣẹ́jú 5 náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, nítorí náà ẹ po díẹ̀díẹ̀. Gúlùù oníbọn, èyí tí a ń yọ́ sínú ìbọn rẹ̀, ẹ má ṣe fi de mọ́tọ̀. Oòrùn tó ń mú wa ní oṣù Kejì lè tún un yọ́, mọ́tọ̀ á sì bọ́ lójú òfurufú.

Téèpù tó ní òwú nínú àti sẹ́lótéèpù fífẹ̀ kan ló ṣẹ́kù. Ìdajì nínú àtúnṣe pápá, téèpù ló ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 6: Bátìrì, nínú àpótí tirẹ̀

Bátìrì LiPo àti irinṣẹ́ kì í gbé inú àpótí kan náà. Sípánà kan tó bá dùbúlẹ̀ sórí wáyà méjèèjì ti tó láti dá iná sílẹ̀. Garawa wàrà ńlá onítáànù ni mo fi ń kó tèmi. Mo lu ihò sí ìdérí rẹ̀ kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde, mo fi páálí tẹ́ inú rẹ̀, mo sì fi téèpù bo orí wáyà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka fóltì gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan máa ń ka 4.2 tó bá kún, nítorí náà 3S tó kún jẹ́ 12.6. Lẹ́yìn tí bàálù bá balẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì kankan má wà lábẹ́ 3.5. Èyí tó bá fi púpọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ má fò ó mọ́.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n àkókò ìfò. Ẹ fò fún ìṣẹ́jú 4 ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ ṣáàjì bátìrì padà, ẹ wo iye mAh tí ṣájà sọ pé ó wọlé. Ká ní 1000 ni: ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan jẹ 250. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ti 2200 jẹ́ 1760, tí ẹ bá fi 250 pín in, ìṣẹ́jú 7 ni. Ẹ fi aago rìmóòtù sí 6, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan ṣẹ́kù fún ìbalẹ̀ tí kò dára. Bírò ni kí ẹ fi kọ iye náà sára bátìrì.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣáàjì ní pápá, ṣájà tó ń gba fóltì 12 láti orí bátìrì mọ́tò ni. Ámpù 2.2 ni kí ẹ fi fún 2200 mAh, yóò gbà tó wákàtí kan. Kí bátìrì kọ́kọ́ tutù. Kí ẹnì kan máa wò ó, kí ó wà lórí ilẹ̀ lásán, kì í ṣe nínú mọ́tò.

Mo fi bátìrì méjì sílẹ̀ nínú búùtù mọ́tò rí lọ́sàn-án, nígbà tí mo yà síbi ìnáwó kan ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí mo padà, ọ̀kan ti wú bíi búrẹ́dì. Kò gbiná, mo dúpẹ́. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá lọ, garawa náà ń bá mi wọlé, kódà bí wọ́n bá ń wò mí. Bátìrì tó bá wú, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sí ààtàn tí àdúgbò máa ń dáná sun. Ẹ kó o sínú yanrìn níta, níbi tó jìnnà sí ilé, títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo yóò fi èyí kún un: plọ́ọ̀gì oníwáyà gbígbóná méjì, bátìrì oní-fóltì 1.5 tó ń mú un pọ́n, ọ̀pá tí a fi ń yí pùròpẹ́là (ẹ má fi ìka yí i), páǹpù epo, àti àkísà púpọ̀. Methanol ni ó pọ̀ jù nínú epo rẹ̀, májèlé ni, iná rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán.

Ìgbésẹ̀ 7: Ohun tó ń ṣọ́ ènìyàn

Òwú, báńdéèjì, plásítà, ọṣẹ, àti gálọ́ọ̀nù omi kan. Bí pùròpẹ́là bá gé ẹnì kan, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò, ẹ gbé ọwọ́ náà sókè, bó bá jìn ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Náílọ́nù yanrìn gbígbẹ méjì fún iná bátìrì. Fìlà àti gíláàsì oòrùn.

Ọmọdé máa ń pé jọ. Mi ò lé wọn rí, àwọn ni wọ́n máa fò ó lẹ́yìn wa. Mo máa ń fi okùn fa ìlà kan sílẹ̀, mo á ní kí àgbà inú wọn máa bá mi ṣọ́ ọ, ẹ̀yìn ìlà náà ni gbogbo wọn máa ń wà. Okùn náà wà nínú àpótí.

Ẹ jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú tó wà lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ NCAA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, nípa àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé tí ẹ bá gbà sínú ìdérí àpótí. Ẹni tó bá ni pápá náà pẹ̀lú, yálà ilé ìwé ni tàbí baba kan tó ń fi ẹran jẹko níbẹ̀, ẹ lọ kí i kí ẹ tó sọ ẹrù.

Ìgbésẹ̀ 8: Òkè, igbó, àti wíwá bàálù

Ilẹ̀ olókè ni tiwa. Ẹni tó bá fò nítòsí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí láàárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n yóò rí i pé afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí òkúta máa ń ṣubú, ó sì máa ń yí po lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ so rìbọ́ọ̀nù mọ́ orí ọ̀pá kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Bó bá ń fì sọ́tùn-ún fì sósì láìdúró síbì kan, ẹ kó ẹrù yín lọ sí iwájú òkè náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, kí òkúta tó gbóná.

Fún wíwá: bàtà tó bo kókósẹ̀, nítorí ejò; okùn tín-ín-rín gígùn tí a so ìwúwo kékeré mọ́ lórí, láti jù sórí ẹ̀ka igi; àti ẹ̀rọ kékeré tí ń ké bí a bá pa rìmóòtù tàbí tí iná bàálù bá já. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ikùn bàálù. Bó bá já sínú oko kòkó, ẹ wá olóko kí ẹ tó wọlé. “Ẹ kú iṣẹ́ o, baba, ohun ìṣeré wa ló bọ́ sínú oko yín, ẹ jọ̀ọ́” ti dá bàálù mi padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìwé tó wà lẹ́yìn ìdérí

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó, ẹ máa kà á sókè kí ẹ tó fò:

1. Rìmóòtù ni a ń kọ́kọ́ tàn, bátìrì bàálù ló tẹ̀ lé e. Bí a bá ti balẹ̀, bátìrì bàálù ni a ń kọ́kọ́ yọ.
2. Ẹ dúró lẹ́yìn bàálù. Ẹ tẹ ọ̀pá sọ́tùn-ún: etí apá ọ̀tún gòkè, ti òsì sọ̀kalẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn: etí ìrù gòkè.
3. Ẹ mi apá, ẹ mi ìrù, ẹ fi ọwọ́ fa irin kọ̀ọ̀kan.
4. Ẹ fi rìmóòtù sí ipò ìdánwò ọ̀nà jíjìn, ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ 30, kí ẹnì kan di bàálù mú. Ó gbọ́dọ̀ ṣì máa gbọ́ràn.
5. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹ̀gbẹ́ pùròpẹ́là tàbí níwájú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nílé, ẹ yọ pùròpẹ́là kúrò, ẹ tan gbogbo rẹ̀, ẹ gbé mọ́tọ̀ díẹ̀, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ má gbé e lọ sí pápá títí ẹ ó fi tún ètò rìsífà (ẹ̀rọ inú bàálù tó ń gbọ́ ti rìmóòtù) ṣe.

Bí ẹ bá délé

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò lára mọ́tọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ mú bátìrì kọ̀ọ̀kan dé 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kan bí ẹ ò bá ní fò láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìdí ni pé èyí tó bá wà ní kíkún fún ìgbà pípẹ́ tètè ń darúgbó. Ẹ ka ike oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó dín. Gúlùù, téèpù àti abẹ lè dúró di ọjọ́ ọjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú pùròpẹ́là mẹ́ta yẹn ni mo lò, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo ń pàṣẹ òmíràn, nítorí ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé Adó.